Wọ́n ti pààrọ̀ páńpù atẹ́gùn, iná ẹ́ńjìnnì kò kú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ṣómólú ni mò ń gbé, Golf 4 tòkunbọ̀ ni mo fi ń kó aṣọ lọ sí Ìdúmọ̀tà. Láti ìgbà tí mo ti rà á, tí mo bá sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀, nǹkan kan máa ń kùn níwájú bí ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, tó bá yá, á dákẹ́. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́, ni iná ẹ́ńjìnnì bá tàn. Síkáná tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò mú kóòdù P0411. Wọ́n ra páńpù atẹ́gùn fún mi ní Ládípọ̀. Kò pé oṣù kan, òun náà ti dákẹ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ìyá mi. Ó ṣeé ṣe kí páńpù yẹn dára nígbà tẹ́ ẹ rà á. Ohun tó pa àkọ́kọ́ ni mo fura sí pé ó tún pa èkejì.

Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, epo tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fún un máa ń pọ̀ kó lè tètè jí. Epo yẹn kì í jóná tán, ìyókù á bá èéfín jáde. Kátálísìtì tó wà lójú ọ̀nà páìpù èéfín ló yẹ kó pa oró inú èéfín náà, ṣùgbọ́n kátálísìtì tó tutù kò lè ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni páńpù ti wúlò. Á fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ẹnu ibi tí èéfín ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti gbóná jù. Epo tó ṣẹ́kù á jó níbẹ̀, ooru rẹ̀ á sì mú kátálísìtì gbóná kíá. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, páńpù á sinmi. Ariwo tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, àlàáfíà ni.

Fáàfù kan wà láàárín páńpù àti páìpù èéfín. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, èéfín kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀ padà. Tí fáàfù yẹn bá ti jẹrà, èéfín á máa rìn padà sínú páńpù. Èéfín epo bẹntiróòlù sì ní omi nínú. Tó bá tutù, á di omi sínú páńpù, mọ́tò inú rẹ̀ á dípẹtà. Mo ti tú irú ẹ̀ lójú ẹni tó ni ín: mo da orí ẹ̀ kodò, omi pupa bíi tíì tí kò ní mílíìkì ṣàn sí àtẹ́lẹwọ́ mi, èédú sì kún ẹnu họ́ọ̀sì.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín yọ họ́ọ̀sì tó ti páńpù wọ fáàfù, kó tan ẹ́ńjìnnì títí tó fi gbóná, kó wá na ọwọ́ sí iwájú ẹnu fáàfù náà, kó má kàn án o. Tí èéfín bá ń fẹ́ sí i lọ́wọ́, fáàfù ti kú. Kó wo họ́ọ̀sì rọ́bà tínrín tó ń fa fáàfù ṣí pẹ̀lú, nítorí ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì máa ń là á. Lẹ́yìn náà ni kí rẹ́wáyà yẹ fíúsì àti rélè tó ń gbé iná fún páńpù wò. Páńpù ni kí wọ́n fi ṣe ìkẹyìn. P0411 kò sọ pé páńpù ló bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé atẹ́gùn tó ń wọlé kò rí bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì mi ní kí n jẹ́ kí òun fi páànù dí ojú fáàfù náà, kí òun sì gé kátálísìtì kúrò.

Ìdáhùn: Ọkọ̀ á rìn, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n iná yẹn á tàn dúró, ọjọ́ tí nǹkan míì bá bàjẹ́, ẹ ò ní mọ̀. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé inú ọgbà ni púpọ̀ nínú wa ti ń sítáàtì ọkọ̀ láàárọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ibi tí ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń sùn. Carbon monoxide, oró kan tó wà nínú èéfín ọkọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani. Ẹ má gbà fún un, ẹ jọ̀ọ́.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní Súrúlérè. Bẹ́líìtì ló ń yí páńpù atẹ́gùn tiẹ̀. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, á dún gbàù nínú sàlẹ́ńsà.

Ìdáhùn: Irú páńpù yẹn ti wà lára ọkọ̀ ní California láti 1966. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ló ń fẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì, epo tí kò jóná máa ń pọ̀ nínú èéfín, nítorí náà fáàfù kan wà tó gbọ́dọ̀ darí atẹ́gùn síta fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tí kò bá ṣe é, atẹ́gùn á bá epo pàdé nínú páìpù, ni yóò bá bú. Ẹ kọ́kọ́ yẹ họ́ọ̀sì kékeré tó wọ orí fáàfù náà wò. Bó bá ti là tàbí tó ti yọ, tuntun kò wọ́n rárá. Ẹ má tíì gé bẹ́líìtì yẹn.