Bí mo ṣe yan píkọ́ọ̀pù láàárín Toyota àti ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní Houston

Iṣẹ́ òde àríyá ni mò ń ṣe ní Houston. Mò ń yá àwọn ènìyàn ní kánópì, àga, tábìlì àti kúlà fún ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọjáde. Ẹni tó bá ti lọ òde Yorùbá nílùú yìí mọ̀ pé igba àlejò kì í ṣe bàbàrà. Ẹrù náà wúwo, ọkọ̀ àfàlẹ́yìn ni mo sì ń kó o sí. Mo wá nílò píkọ́ọ̀pù tí kò ní dá mi dúró lójú pópó láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí olóde ń retí àga.

Kí n tó náwó, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ti pẹ́ nílùú yìí jù mí lọ, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ míì yàtọ̀ sí Toyota. Wọ́n ní, "Ṣé o ti gbàgbé bí Hilux ṣe ń sá nílé ni? Ẹ́ńjìnnì Toyota kì í kú bọ̀rọ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ò ṣeé fọkàn tán." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í ta Hilux níbí." Wọ́n ní, "Tundra ńkọ́?" Mẹkáníìkì mi, tí wọ́n bí sí Texas, ní tirẹ̀ gbà pé Ford àti Chevrolet ni ọkọ̀ iṣẹ́, pé kò sí àdúgbò tí èèyàn ò ti ní rí páàtì wọn rà. Mo gbọ́ ti àwọn méjèèjì, mo wá bọ́ sí ìta láti lọ fojú ara mi rí i.

Nọ́ńbà ṣásì ni mo kọ́kọ́ ń kà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Èyí tó ṣíwájú pátápátá ló ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti to ọkọ̀ náà: 1, 4 àti 5 jẹ́ Amẹ́ríkà, 2 jẹ́ Kánádà, 3 jẹ́ Mẹ́síkò, J jẹ́ Jàpáànù. Ẹ̀kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀. Tundra tí ẹ̀gbọ́n mi ń yìn, 5 ló fi bẹ̀rẹ̀, torí San Antonio ni wọ́n ti tò ó, nǹkan bí ìrìn wákàtí mẹ́ta sí ilé mi. Chevrolet Silverado kan tí ẹni tó ń tà á ń pè ní ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé, 3 ló fi bẹ̀rẹ̀: Mẹ́síkò ló ti wá. Honda Ridgeline, Alabama ni wọ́n ti ń ṣe é. Nissan Frontier, Mississippi. Ford F-150 ní tirẹ̀, ọmọ ilé ni lóòótọ́: tí lẹ́tà kọkànlá bá jẹ́ F, Dearborn ní Michigan ni, tó bá jẹ́ K, Kansas City ní Missouri ni.

Ọ̀rọ̀ adìyẹ ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù, pàápàá Faransé àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, gbé owó ibodè gọbọi lé adìyẹ tó ń wá láti Amẹ́ríkà, Ààrẹ Lyndon Johnson gbẹ̀san ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ó gbé ìdá 25 nínú 100 lé ọtí brandy àti àwọn nǹkan mélòó kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré sì wà nínú wọn. Wọ́n ti mú owó yẹn kúrò lórí àwọn yòókù tipẹ́, ti ọkọ̀ ló kù. Bí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè bá fẹ́ ta píkọ́ọ̀pù púpọ̀ níbí láìsan owó yẹn, àfi kó wá tò ó sí Àríwá Amẹ́ríkà. Mo ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti to ọkọ̀ kọ́ ló jà jù, pé ẹni tó yàwòrán rẹ̀ àti bó ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò ló jà. Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ yẹn. Ó jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ti abẹ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo wá ń wo ẹ́ńjìnnì lọ́dọọdún.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kò sí ìhà kankan tó mọ́ tán. Lọ́dọ̀ Ford, ẹ́ńjìnnì lítà 5.4 tó wà nínú F-150 láti 2004 sí 2010 lókìkí burúkú: pílọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń dá sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń tú u, ohun tó ń darí káàmù rẹ̀, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù, náà sì máa ń bàjẹ́. Lọ́dọ̀ GM, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Chevrolet, ẹ́ńjìnnì 5.3 máa ń pa sílíńdà mẹ́rin nínú mẹ́jọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sá wẹ́rẹ́, kí epo má baà lọ púpọ̀. Àwọn lífítà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló máa ń há, tí wọ́n bá sì há, wọ́n lè ba káàmù jẹ́, owó ńlá nìyẹn. Ní 2025, GM pe nǹkan bí ọkọ̀ 600,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí kíráǹkì inú ẹ́ńjìnnì 6.2.

Ẹ̀gbọ́n mi gba gbogbo ìyẹn tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n Toyota náà ní tirẹ̀. Ṣásì Tacoma 2005 sí 2010 àti Tundra 2007 sí 2008 ń dípẹtà débi pé wọ́n gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì gbà ní 2016 láti yanjú rẹ̀ pẹ̀lú owó tí wọ́n fojú díwọ̀n sí bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Ní 2024, ó pe nǹkan bí 102,000 ọkọ̀ padà, Tundra tuntun ti 2022 àti 2023 àti ọkọ̀ Lexus kan, torí pé ẹ̀rún irin kù sínú ẹ́ńjìnnì wọn láti ilé iṣẹ́. Nissan Frontier 2005 sí 2010 náà ò yọ: rádíétọ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi wọnú ọ́ìlì jíà, jíà á sì bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí mo gbà fún Toyota láìjanpata ni 5.7 tó wà nínú Tundra láti 2007 sí 2021. Ó le, kò ní wàhálà púpọ̀, àmọ́ ó ń mu epo gan-an.

Owó ló wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Òkìkí Toyota ń gbé owó rẹ̀ ga lọ́jà tòkunbọ̀, iye tí mo ní lọ́wọ́ tó ra F-150 ọdún 2017, ṣùgbọ́n Tundra tó dàgbà jù ú lọ ní ọdún bíi márùn-ún, tó sì ti sá gan-an, ló lè rà. Ẹni tó bá ń fi Toyota wé Ford gbọ́dọ̀ fi iye owó kan náà wé ara wọn. Bí a bá fi ọdún kan náà wé wọn, ẹ̀gbọ́n mi lè jàre. Ní ti owó tó wà nínú àpò mi, wọn ò jàre.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, torí náà mi ò ra ìkankan láìwọ abẹ́ rẹ̀. Mo bẹ ẹni tó ń tà á pé kó má ṣe tan ọkọ̀ kí n tó dé, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi ìró rẹ̀ pamọ́. Ọ̀kan ń ta kí-kí-kí láàárọ̀, ìró náà sì dínkù bó ṣe ń gbóná. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Òmíràn ti gbé ìhà àríwá rí, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín. Mo fi òòlù kan ṣásì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ibi tó ṣì le ń dún gan-an, ibi tó ti jẹ ń dún bọ̀lọ̀, èépá sì ń já bọ́. Òkè rẹ̀ ń dán gbinrin ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ní Houston, ẹ wo omi pẹ̀lú. Ìjì Harvey ti oṣù Kẹjọ ọdún 2017 rì ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwọn kan sì padà sọ́jà. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó títí dé òpin rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìlà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo tún so ẹ̀rọ àyẹ̀wò kékeré mọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe láti wo iná àṣìṣe nìkan, àmọ́ láti mọ̀ bóyá ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á rẹ́ ní àná. Ẹ má gbọ́kàn lé ìwé àyẹ̀wò ìjọba: láti oṣù Kìíní ọdún 2025, Texas ò béèrè àyẹ̀wò ààbò mọ́ fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò, àyẹ̀wò èéfín ló kù ní Houston.

F-150 ọdún 2017 tó ní ẹ́ńjìnnì 5.0 ni mo rà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọdún yẹn. Jíà mẹ́fà ló ṣì ń bá 5.0 rìn nígbà náà. 2018 ni wọ́n fi jíà mẹ́wàá sí i, ẹ́ńjìnnì 5.0 ti 2018 sí 2020 sì ni àwọn ènìyàn ń ráhùn pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Jíà mẹ́fà náà lábùkù tirẹ̀. Wọ́n ti pe 2011 sí 2014 padà torí ó lè já wá sí jíà kìíní lójijì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí 2015 sí 2017 ní 2025. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà á pẹ́ lórí òpópónà I-10 kí n tó sanwó, tí mo fi nọ́ńbà ṣásì rẹ̀ wo ojú òpó NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, tí mo sì tún máa ń padà síbẹ̀ wò ó. Ẹni tó tà á fún mi ní rìsíìtì ọ́ìlì pípààrọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí ló mú kí ọkàn mi balẹ̀ jù. Fọ́ọ̀mù 130-U, tí wọ́n fi ń yí orúkọ onímọ́tò padà ní Texas, ni a jọ fọwọ́ sí, mo san ìdá 6.25 nínú 100 fún owó orí ọkọ̀ rírà, mo sì pààrọ̀ ọ́ìlì jíà kí n tó so ẹrù mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ń rà á láti fi ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ má tẹ̀lé mi. Ní Ládípọ̀, páàtì Toyota wà nílẹ̀ bẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló sì mọ̀ ọ́n tú. Ti F-150, ẹ lè máa dúró de páàtì láti Amẹ́ríkà. Èyí ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n fẹ́ ra èyí tí wọ́n máa lò nílé, Tundra ni wọ́n sì rà.