Bí a ṣe ń kọ ìtàn Rose Bowl sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní California, nítòsí ìlú Pasadena. Ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà níléèwé, bọ́ọ̀lù tó gùn ṣọọrọ bí ẹyin yẹn, tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré. Ọmọ náà ló pè mí lórí WhatsApp pé, "Màmá Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ àdìrẹ tí ìtàn Rose Bowl máa wà lára rẹ̀. Ara ògiri yàrá mi ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí." Láti kékeré ni mo ti ń pa aṣọ láró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mi ò gbọ́ Rose Bowl rí, ìdíje bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní Pasadena lọ́jọ́ ọdún tuntun. Mo ní kó máa wí, mo mú bírò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì sí mi létí lọ́dọọdún, ta ló na ta, mélòó sí mélòó, títí iná fóònù mi fi tán.

Bí aṣọ àkọ́kọ́ ṣe kún fún nọ́ńbà nìyẹn. Nígbà tí mo họ ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀ tí mo sá a, mo wò ó títí, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ṣì wà nínú àpótí. Èyí tí mo kọ ṣìkejì ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí àwọn mìíràn tó ní ọmọ lókè òkun ti ń bi mí bí mo ṣe ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó kò yẹ lára àdìrẹ. Lọ́dún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ìlú Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè, àwọn ìyá wa ya òun àti olorì rẹ̀ sára aṣọ. Olóba ni wọ́n pe àdìrẹ náà, a ò sì gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Ẹ ra tẹ́rú funfun yáàdì márùn-ún, ẹ gé e sí méjì, ẹ rán méjèèjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ká a kí ó fi ojú mẹ́rin-mẹ́rin hàn ní ìbú, ìlà márùn-ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ létí aṣọ yípo. Ẹ̀kọ láfún la máa fi kọ ọ́: ẹ po láfún, ẹ sè é pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, ẹ sẹ́ ẹ kí kókó má bàa wà nínú rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi ń kọ. Ọwọ́ mi kò bá ti ìgbálẹ̀ mu. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró kò ní lè wọ̀.

Etí aṣọ lẹ máa kọ́kọ́ kọ, òdòdó ni kí ẹ sì kọ síbẹ̀, nítorí òdòdó ló bí bọ́ọ̀lù náà. Èyí ni mi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ wo Ọ̀ṣun Òṣogbo wa lóṣù kẹjọ. Àlejò lè ka iye èrò tó wá, kó ka iye ọkọ̀ tó dúró, bí kò bá mọ̀ pé igbá tó wà lórí arugbá ló kó gbogbo wa jọ, kí ló wá wò? Ní Pasadena, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Valley Hunt Club ló kọ́kọ́ kó àwọn ará ìlú jáde lọ́jọ́ ọdún tuntun 1890, tí wọ́n fi òdòdó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́. Yìnyín bo ìlà oòrùn Amẹ́ríkà lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n róòsì ń tanná lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Kẹ̀kẹ́ olódòdó yìí ló wà ní ojú kìíní ìlà òkè.

Ojú kejì, mo kọ ẹṣin tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún 1893, ọjọ́ ọdún tuntun bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì sún ìwọ́de olódòdó náà sí ọjọ́ kejì, kí ariwo má bàa dẹ́rù ba ẹṣin àwọn tó ń jọ́sìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn, tó fi kan bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ràn àṣà yẹn gan-an.

Ojú kẹta ni ọkọ̀ ojú irin tó gbé àwọn ọmọ yunifásítì Michigan wá fún ìdíje àkọ́kọ́, lọ́jọ́ ọdún tuntun 1902. Wọ́n fẹ́ kí bọ́ọ̀lù mú owó wọlé fún ìwọ́de ni. Stanford, ará ilé wọn ní California, ni wọ́n mú wá kojú Michigan. Fielding Yost tó kó Michigan wá, òun ló ti kọ́ Stanford ní bọ́ọ̀lù lọ́dún 1900. Ẹnikẹ́ni kò tíì gba àmì ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ Michigan ní gbogbo sáà yẹn, Stanford náà kò rí i gbà. Nígbà tó di 49 sí òdo, tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Stanford ní ó tó gẹ́ẹ́. Nítorí náà, ojú kẹrin, bọ́ọ̀lù kan ló jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa nípa ìlà kejì. Ẹ má kọ nǹkan sí i. Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi sílẹ̀ láìfi ẹ̀kọ kàn án, kí aró gbé gbogbo rẹ̀ mì. Lẹ́yìn ìyà tó jẹ Stanford, àwọn ará Pasadena kò gbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀ mọ́ títí ó fi di 1916. Wọ́n gbìyànjú eré pólò, lẹ́yìn náà wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ogun tí ẹṣin ń fà sáré ìje, bíi ti àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́. Ọmọ àbúrò mi kò dárúkọ àwọn ọdún wọ̀nyẹn rárá, torí kò sí èsì tó lè kà fún mi. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn náà ti dùn jù: ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ìdíje ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti kú lẹ́ẹ̀kan rí, ó wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá, kí wọ́n tó tún hú u jáde. Àfi táyà kẹ̀kẹ́ kékeré kan ṣoṣo ni mo kọ sí igun ìlà náà, kò ju owó ẹyọ lọ.

Ìlà kẹta, ojú kìíní: òjò, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra. Fritz Pollard ni, ọmọ yunifásítì Brown, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù níbi ìdíje yìí, lọ́dún 1916. Washington State na Brown 14 sí òdo nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò jẹ́ kọ aṣọ yìí láìfi Pollard sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n nà.

Ojú méjì tó tẹ̀ lé e, ẹ sọ ọ́ di ọ̀kan kí ẹ kọ igbá ńlá sí i. Bowl tó wà nínú orúkọ yẹn, abọ́ ló túmọ̀ sí. Pápá ìṣeré Yale, tí wọ́n ṣí ní 1914, ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ jìn bí àwokòtò tí wọ́n sì pè bẹ́ẹ̀. Myron Hunt, ayàwòrán ilé, wo ti Yale, ó ya ti Pasadena, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1922. Láti ara pápá ni orúkọ ti wọ ara eré, láti ara eré yìí ni àwọn yòókù ti mú un. Sugar Bowl ní New Orleans àti Orange Bowl ní Miami bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ọdún Olóba wa gan-an. Cotton Bowl ní Dallas tẹ̀ lé wọn ní 1937. Ìrèké, ọsàn, òwú: ohun tí ilẹ̀ kálukú ń mú jáde. Mo rẹ́rìn-ín ayọ̀ nígbà tí mo gbọ́ òwú.

Ojú tó kù nínú ìlà yẹn, òṣùpá ni. Ìdíje ọdún tuntun àkọ́kọ́ nínú pápá náà, ní 1923, pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ torí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ká Penn State mọ́ ojú ọ̀nà. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó parí. USC, yunifásítì Southern California, ló borí, 14 sí 3.

Ìlà kẹrin, ènìyàn kan ló ni ín láti etí dé etí. Gbogbo àwọn tí ẹ ti kọ láti òkè, ọ̀tún ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjú sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá kọ Roy Riegels, kí ó kọjú sí òsì. Ọdún 1929 ni, yunifásítì California àti Georgia Tech ló pàdé. Ẹni kan nínú Georgia Tech jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́, Riegels ti California gbé e, ojú rẹ̀ yí, ó sì mú ìdí ilé tirẹ̀ pọ̀n. Yáàdì 65 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sá! Èmi tí mo ń ta aṣọ, mo mọ ohun tí yáàdì 65 jẹ́: ìró àti bùbá obìnrin mẹ́tàlá. Benny Lom, ẹgbẹ́ rẹ̀, ń sá tẹ̀ lé e, ó ń pariwo, ó sì dá a dúró ní bèbè ìlà ilé tiwọn. Àwọn Georgia Tech dà á lulẹ̀ níbẹ̀. California fẹ́ fi ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù náà jáde, wọ́n dí i mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, àmì méjì bọ́ sọ́wọ́ Georgia Tech. Georgia Tech ló borí, 8 sí 7. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Ìyẹ́ adìyẹ tó mú ni kí ẹ fi kọ ọ́. Apá Lom ni kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀, ọwọ́ tó nà tí kò tíì kan aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọwọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń fi omi nù ún, kí ìka tó là dáadáa. Níbi tí ìlà náà parí sí, mo kọ Riegels lẹ́ẹ̀kan sí i, kéékèèké, tó kọjú sí ọ̀tún. Nígbà ìsinmi, ojú tì í débi pé kò fẹ́ padà sí pápá, ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn, Nibs Price, ní kó padà, ó sì padà, ó gbá a dáadáa.

Ìlà ìkẹyìn kò le. Ojú kìíní: ìrèké, ọsàn àti òwú tí mo ti sọ. Ojú kejì: ọdún 1942. Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor ni, ìjọba kò fẹ́ kí èrò kóra jọ létí òkun, wọ́n bá gbé ìdíje lọ sí Durham ní North Carolina, Oregon State sì na Duke nílé rẹ̀, 20 sí 16. Ojú kẹta: 2021, ọdún kòrónà. Wọn ò jẹ́ kí òǹwòran wọ pápá ní California, eré náà ṣí lọ sí Texas. Alabama na Notre Dame 31 sí 14. Ọmọ tó ń jẹ́ Adétòkunbọ̀ Ògúndèjì wà nínú ìkọ̀ Notre Dame, mo sì kọ ẹ̀yà fìlà abetíajá kékeré kan síbẹ̀ fún un.

Kí ẹ tó gbé ìyẹ́ sílẹ̀, ẹ padà sí òdòdó etí aṣọ, kí ẹ já a níbi mẹ́rin. Ìwọ́de kò wáyé ní 1942, 1943, 1945 àti 2021. Láti 1916, bọ́ọ̀lù kò fo ọdún kankan rí, ó kàn ṣí kúrò nílé lẹ́ẹ̀mejì ni. Òdòdó tó bí i ló ń já.

Ojú kẹrin ìlà ìkẹyìn, ẹ fi ẹ̀kọ bò ó pátá, ẹ má ya nǹkan sí i. Funfun ló máa jáde. Ẹni tó ni ín lè fi bírò kọ tirẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa ẹ̀kọ náà dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ bọ ìkòkò aró. Ẹ má fún un, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Bó bá jáde, àwọ̀ ewé ni ẹ máa rí, afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di aró lójú yín. Èmi tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́ nígbà mẹ́jọ láàárín ọjọ́ méjì nítorí ìlà kejì, torí bí ìyẹn bá ṣá, aṣọ náà ti bàjẹ́. Aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun, bí a ṣe ń ki Òṣogbo, ni mo fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ họ ẹ̀kọ, ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ sá a síbi òjìji.

Ọmọ àbúrò mi gbé e kọ́ tán, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ ìdíje náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aago méjì ọ̀sán wọn ni bọ́ọ̀lù náà ń bẹ̀rẹ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, nítorí náà mo wà lójúfò. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tí ìlà kejì fi ṣófo?" Mo ní kó jókòó.