Bí a ṣe ń mọ irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ènìyàn jà, kí ìtọ́jú lè bá a mu

Bí ibà bá ń lọ tó ń bọ̀ lára ènìyàn yín, tí oògùn ibà kò ràn án, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní èrìgì rẹ̀ bó bá ń rin orín láàárọ̀, ẹ má ṣe padà sí ilé oògùn. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa: bí àmì pupa wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀ tí kò parẹ́ nígbà tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kí èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti dínkù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Adó-Èkìtì tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bí dókítà bá fura sí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, mùdùnmúdùn eegun ni yóò fẹ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ pa ojú ibẹ̀ kú, wọn a wá fi abẹ́rẹ́ tó nípọn fa díẹ̀ láti ẹ̀yìn egungun ìbàdí. Ó ń dunni díẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún, kì í sì í sọ ènìyàn di arọ bí àwọn kan ti ń sọ.

Ẹ rí i pé wọ́n kọ orúkọ irú àrùn náà gan-an fún yín, nítorí orúkọ yẹn ló ń pinnu oògùn. APL, ẹ̀yà kan lára AML (irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó ń yára gbilẹ̀), tó máa ń fi ìsun ẹ̀jẹ̀ pa ènìyàn kíákíá, ti di èyí tí ọ̀pọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá nípa lílo oògùn ATRA, tó jẹ́ ẹbí fítámì A, pẹ̀lú ásẹ́níìkì, májèlé tó ń ṣe rere lọ́wọ́ dókítà nìkan. Dókítà tó bá fura sí APL kì í dúró de èsì kó tó bẹ̀rẹ̀ ATRA. Bí AML bá ní àyípadà nínú àbùdá (gene) tí wọ́n ń pè ní FLT3, oògùn midostaurin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017, wà láti fi kún ìtọ́jú rẹ̀. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò lè gba oògùn líle, venetoclax pẹ̀lú azacitidine ni ẹ béèrè nípa rẹ̀, àti iye tó ń jẹ́.

Ọmọdé tó ní ALL, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mìíràn tó wọ́pọ̀ lára ọmọdé, máa ń gba ìtọ́jú fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì dáwọ́ dúró torí pé ó ti ń jẹ iyán, tó sì ń sáré káàkiri. Ẹ má fún un ní àgbo láìsọ fún dókítà. Ẹ ra tẹmómítà: bó bá ka 38 nígbà ìtọ́jú, ilé ìwòsàn ni lóru ọjọ́ náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.