Ọrùn Gìtá Tí Wọ́n Ní Ó Ti Ṣe Tán: Ìrírí Mi Nídìí Gìtá Oníná Àkọ́kọ́ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kàn

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ti ṣe tán. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi kọ èyí. Ọrùn gìtá tí mo rà, ẹni tó tà á fún mi sọ pé kò sí iṣẹ́ tó kù níbẹ̀ mọ́: kí n ṣáà dè é mọ́ ara gìtá, kí n fi okùn sí i, kí n máa ta á lọ. Irọ́ ni. Owó tí mo fi ra irinṣẹ́ tí mo fi tún ọrùn yẹn ṣe ju owó ọrùn fúnra rẹ̀ lọ, inú sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí, nítorí pé ẹni tó ń kan gìtá fún ìgbà àkọ́kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mú. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kàn kò ní gbà á gbọ́.

Mi ò ní pẹ́ lórí ara gìtá. Igi tó gbẹ, tó nípọn tó 45 mìlímítà ni mo lò. Mo ya àwòrán sí i, mo fi ayùn gé e, mo gbẹ́ ihò pickup, ìyẹn ohun onímágínẹ́ẹ̀tì tó ń gba ìró okùn, àti ibi tí ọrùn máa jókòó sí, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, mo kùn ún. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan igi rí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn. Ibùjókòó ọrùn nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí: ó gbọ́dọ̀ gba ọrùn pinpin, kí ààyè má ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Tèmi fún débi pé mo fi ọrùn gbé gbogbo gìtá sókè láìtíì fi sikúrù kankan sí i, kò sì já bọ́. Mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó. Sikúrù mẹ́rin ni mo wá fi dè é, bí Leo Fender, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe gìtá, ti ṣe é nígbà tó gbé gìtá oníná onígi gbagidi tirẹ̀ jáde ní 1950. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn nítorí pé ó ṣeé tú. Bí ọrùn bá bàjẹ́, ara gìtá ṣì wà.

Bridge náà kò gba àkókò. Bridge ni irin tó di okùn mú nísàlẹ̀, ibi tí ẹ bá sì kàn án mọ́ ló máa sọ bóyá gìtá máa dún bó ṣe yẹ tàbí kò ní dún bẹ́ẹ̀ láé. Ọrùn tèmi jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún okùn tó máa gbọ̀n ní gígùn 648 mìlímítà. Láti orí nut, ìyẹn eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn gbà kọjá lókè, dé fret kejìlá (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn) jẹ́ 324; láti ibẹ̀ dé ibi tí okùn máa sinmi lé lórí bridge, 324 mìíràn, kí ẹ sì fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn nítorí àwọn okùn tó nípọn. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbẹ́ ihò, kí ẹ tún un wọ̀n.

Wáyà rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Pickup méjì, kọ́kọ́rọ́ kan tó ń mú ohùn ròkè tàbí rẹlẹ̀, òmíràn tó ń yí adùn rẹ̀ padà, léèdì díẹ̀ tí mo fi jó wáyà pọ̀, àti wáyà kan tó so bridge mọ́ ilẹ̀ iná kí gìtá má baà máa kùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ so ó mọ́ amplifier, tí mo fi ṣóńṣó sikúdíráfà kan orí pickup, ohùn jáde gbà! Kò kùn, kò hó. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Mo fi okùn sí i, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù jẹ́ 0.010 íǹṣì, èyí tó nípọn jù jẹ́ 0.046. Bí mi ò bá tẹ ibì kankan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń dún geere. Àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fìka rìn lórí ọrùn. Bí mo bá tẹ fret kẹsàn-án lórí okùn kejì, ohùn ìkẹwàá ni mo ń gbọ́. Bí mo bá wá tẹ ìkẹwàá, ohùn yẹn kan náà ló tún jáde. Ohùn méjì tó yẹ kó yàtọ̀ síra di ọ̀kan! Ní ìkejìlá, okùn ń hó bí ẹni pé kòkòrò wà nínú rẹ̀. Lápá ìsàlẹ̀ pátápátá, bí mo bá fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gbé ohùn rẹ̀ ga, ohùn á kàn gé, á dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí a bá tẹ okùn, orí fret ló ń sinmi lé, ibẹ̀ ló sì ń sọ bí gígùn okùn tó kù láti gbọ̀n ṣe máa tó. Bí fret tó tẹ̀ lé e bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ni okùn máa gbára lé, kò ní ka èyí tí ẹ tẹ̀ sí. Gíga náà lè má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ojú lásán kò ní rí i.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Ó ní kí n yí truss rod. Mo yí i. Nǹkan kan kò yàtọ̀. Ó ní kí n gbé okùn sókè nídìí bridge. Mo gbé e sókè. Ó wá ní bí igi ṣe ń ṣe nìyẹn, pé gbogbo gìtá ló máa ń hó díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò dá mi lóhùn mọ́.

Ìdáhùn tí wọ́n máa fún ẹ̀yin náà nìyẹn, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí kò bá a mu nínú rẹ̀. Truss rod jẹ́ ọ̀pá irin tó gba inú ọrùn kọjá. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ ń fa ọrùn síwájú pẹ̀lú agbára tó lé ní 40 kìlógíráàmù. Ọ̀pá yìí ń fà á padà kí ó má baà tẹ̀ jù. Gbogbo ọrùn ló ń tẹ̀ tàbí tó ń nà lápapọ̀. Kò lè ti fret kan ṣoṣo wọlé. Fret tó yọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ dà bí eyín gan-n-gan. Bó ti wù kí ẹ tún àgbọ̀n tò tó, kò ní wọlé. Ti pé kí a gbé okùn sókè ńkọ́? Nígbà tí mo gbé e dé ibi tí híhó náà ti dáwọ́ dúró, okùn ti ju mìlímítà mẹ́ta lọ sí orí fret kejìlá. Ìka ń dun mi. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé títẹ okùn wálẹ̀ láti ibi gíga bẹ́ẹ̀ ń nà án, ohùn á sì gòkè ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo akọ́ọ̀dù tí mo bá tẹ̀ ló ń dún bàjẹ́bàjẹ́. Ṣé gìtá nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí gìtá ló là mí lójú. Kò tiẹ̀ ta á. Ó ní, "Àbúrò, kọ́kọ́ tú okùn yẹn kúrò ná." Ó mú irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí etí rẹ̀ gún régé, tó gùn tó fret mẹ́ta péré, ó gbé e lé orí ìkẹsàn-án, ìkẹwàá àti ìkọkànlá. Irin náà ń mì sọ́tùn-ún sósì, ó ń ró kó-kó lábẹ́ ìka. Ó ní, "O gbọ́ ọ? Èyí àárín ló ga." A gbé e rin gbogbo ọrùn. Ìkẹwàá ga. Ìkẹtàlá ga. Láti ìkẹtàdínlógún dé ìparí, wọ́n jọ ru sókè ni. Ti ìkẹwàá ló bí mi nínú jù: bébà lè wọ abẹ́ orí rẹ̀ kan! Ẹni tó kàn án kò lù ú wọlé tán, ó sì dì í sínú páálí, ó kọ ọ́ pé ó ti ṣe tán.

Etí àwọn fret náà ń ha mí lọ́wọ́. Igi tí kò gbẹ dénú ló fà á: igi sún kì, irin kò lè sún kì, nǹkan bíi ṣóńṣó wá ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn méjèèjì.

Iṣẹ́ tó ṣe é nìyí. Mo kọ́kọ́ lu ìkẹwàá pẹ̀lú pákó tó wà láàárín òun àti hámà. Ó wọlé, ó tún yọ padà. Mo fi gọ́ọ̀mù olómi sí abẹ́ rẹ̀, mo fi kílám̀pù dì í mú títí ó fi gbẹ. Ìyẹn jókòó. Lẹ́yìn náà ni mo yí truss rod títí ọrùn fi gún régé láìsí okùn lórí rẹ̀. Ẹ má fojú fo èyí, torí bí ọrùn bá tẹ̀ nígbà tí ẹ ń ha fret, títẹ̀ náà lẹ máa há sínú irin. Mo lẹ téèpù bo igi àárín àwọn fret àti orí pickup, nítorí eruku irin máa ń lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, kì í sì í fẹ́ kúrò mọ́. Mo fi máákà kun orí gbogbo fret. Mo wá lẹ sáńpépà 320 mọ́ irin gbọọrọ kan tó gún dájú, mo ń fi í ha orí wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìki agbára bọ̀ ọ́. Ibi tó ga ni máákà ti kọ́kọ́ pa rẹ́. Nígbà tó pa rẹ́ lórí gbogbo wọn, wọ́n ti dọ́gba.

Ṣùgbọ́n orí wọn ti tẹ́jú nìyẹn, okùn kò sì fẹ́ orí tó tẹ́jú. Ẹ ní láti fi fáìlì yí wọn padà sí róbótó, lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí owó ti lọ nìyí. Fáìlì tí wọ́n dìídì ṣe fún èyí wọ́n gan-an ni. Mo rà á. Lẹ́yìn tí mo rà á ni mo wá mọ̀ pé fáìlì onígun mẹ́ta lásán, tí a bá ti ha etí rẹ̀ kó má baà gé igi, ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́wọ́ ẹni tó bá ní sùúrù. Sáńpépà 600, 1000, 2000 ló tẹ̀ lé e, títí fret fi ń tàn bíi tuntun. Bí mo ṣe tún fi irin kékeré yẹn rin gbogbo ọrùn, kò mì níbì kankan. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo tún un rìn lásán.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọrùn, ẹ mú irin oní-fret-mẹ́ta yẹn lọ́wọ́, tàbí kí ẹ rà á kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, kò wọ́n. Ẹ yẹ ọrùn wò ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á, kí ẹ tó gbẹ́ ihò sikúrù kankan sí i, nítorí oníṣòwò kì í gba ọrùn tó ti ní ihò padà. Ní tèmi, màá fẹ́ ra ọrùn tí kò tíì ní fret rárá, kí n kàn wọ́n fúnra mi. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n màá mọ ohun tí mò ń san owó fún.

Títún ohùn rẹ̀ tò lẹ́yìn náà yá kíákíá. Mo tẹ okùn ní fret àkọ́kọ́ àti ti ìparí, mo yí truss rod títí ààyè tó tó 0.25 mìlímítà fi wà láàárín okùn àti fret keje. Ní fret kejìlá, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní 1.6, èyí tó nípọn wà ní 2.0, kò sì sí híhó. Mo fi ẹ̀rọ ìyẹ̀hùnwò wo okùn kọ̀ọ̀kan: bí ohùn tí mo tẹ̀ ní ìkejìlá bá ga ju ohùn tí mo kàn fọwọ́ bà níbẹ̀ láìtẹ̀, mo sún ìjókòó okùn náà sẹ́yìn lórí bridge, bó bá rẹlẹ̀, mo sún un síwájú. Okùn kẹta ló ṣe agídí jù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sún un dé ìparí sikúrù rẹ̀ kó tó gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí okùn ti nà tán, ọrùn tún tẹ̀ síwájú díẹ̀, mo yí truss rod ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, mo sì tún okùn kẹta sún. Láti ìgbà náà, kò tíì kúrò níbi tí mo fi í sí.