Òkúta odò nílẹ̀ balùwẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo òkúta odò róbótóróbótó, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì, nílẹ̀ ibi tẹ́ ẹ ti ń wẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi kí tàílà tó pò sìmẹ́ǹtì.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lásán, láìtíì lẹ̀ ẹ́. Ibi tí nẹ́ẹ̀tì méjì ti pàdé ni wàhálà wà: àyè á ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ojú á sì máa rí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ẹ já òkúta díẹ̀ kúrò lára nẹ́ẹ̀tì kan, kẹ́ ẹ máa fi dí àwọn àyè náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ìlà náà tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ síbi ihò omi; nínú ẹsẹ̀ bàtà 1, kó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì rẹlẹ̀. Òkúta kì í tẹ́jú bíi táìlì; bí ilẹ̀ ò bá dà gẹ̀rẹ̀, omi á kàn dúró sáàárín rẹ̀ ni.

Kí wọ́n tó fi gíráòtì, ìyẹn àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń dí àyè àárín òkúta, dí i, ẹ fi sealer, ìyẹn nǹkan olómi tí kì í jẹ́ kí òkúta fa omi àti àbàwọ́n mu, kun òkúta náà. Èyí tí kò dán máa ń mu àwọ̀ gíráòtì, ẹ̀ẹ́ họ ọ́ títí. Ẹ ra gíráòtì ju ti táìlì lásán lọ, ó ń jẹ ẹ́ gan-an ni. Fóòmù tẹ́ ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Tó bá gbẹ tán, ẹ tún fi sealer kùn ún. Ẹ má da áásìdì sí i o, pàápàá tó bá jẹ́ mábù.