Búréèkì ọlọ́ìlì fún kẹ̀kẹ́ downhill: bẹ́ ẹ ṣe máa yàn án àti bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀

Downhill ni eré tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ sáré látorí òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ wo ojú ọ̀nà Fort William ní Scotland, tí wọ́n ti ṣe World Cup ti kẹ̀kẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n sì ṣe World Championships níbẹ̀ lọ́dún 2007 àti 2023. Gondola, ìyẹn ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà, á gbé yín gòkè, tẹ́ ẹ bá wá kọrí sísàlẹ̀ ẹ máa já bíi 550 mítà láàárín kìlómítà tí ò pé 3, òkúta ni, gbòǹgbò ni, òjò kì í sì í jìnnà síbẹ̀. Gbogbo eré tẹ́ ẹ bá dín kù lójú ọ̀nà yẹn, ooru ló ń dà, ara díìsìkì (irin pẹrẹsẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà) àti páàdì (ohun tó ń fún díìsìkì mọ́ra kí kẹ̀kẹ́ lè dúró) ló sì ń lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ohun tó ń ba búréèkì downhill jẹ́ ò ju méjì lọ, ooru àti ìdọ̀tí. Èèyàn á ní búréèkì òun ò dáa, á lọ ra odindi tuntun, bẹ́ẹ̀ páàdì tí òróró ti ta sí ló ń dà á láàmú.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí rírà. Kálípà ni ibi tí páàdì wà, písítìnì inú ẹ̀ ló ń ti páàdì mọ́ díìsìkì. Èyí tó ní písítìnì 2 wà fún àwọn tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nínú igbó, ti downhill, písítìnì 4 ni kẹ́ ẹ wá, páàdì ẹ̀ gùn, agbára ẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń gba ooru mọ́ra. Díìsìkì, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 200 mílímítà níwájú àti lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá sanra tàbí òkè tẹ́ ẹ ń gùn ga bíi tàwọn òkè Alps ní Yúróòpù, ẹ fi 220 síwájú. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ra ńlá, ẹ wo ibi tí àwọn tó ṣe fọ́ọ̀kì àti férémù yín ní kẹ́ ẹ má kọjá. Ẹ tún jọ̀ọ́, 200 kì í ṣe 203 o! Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe búréèkì, SRAM máa ń ṣe 200, Shimano máa ń ṣe 203, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì láìfi wáṣà tàbí ádápítà tó bá a mu sí i, páàdì ò ní jókòó dáadáa lórí díìsìkì.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì lẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré rárá. Oríṣi méjì ló wà, DOT (irú tí mọ́tò náà ń lò) àti míníráà (mineral oil). Shimano Saint, Magura MT7 àti TRP DH-R Evo, míníráà ni wọ́n ń lò, SRAM Code, Hope Tech 4 àti Hayes Dominion, DOT ni tiwọn, SRAM yẹn kan náà tún wá gbé Maven jáde lọ́dún 2024, míníráà nìyẹn ń lò, torí náà ẹ má fi orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan mọ̀ ọ́n, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da ọ̀kan sínú ìkejì, rọ́bà inú ẹ̀ á wú, á bàjẹ́, owó ńlá ti lọ nìyẹn. DOT 5 náà ò jọ DOT 5.1, silikóònù ni DOT 5, ẹ má rà á.

Èmi fara mọ́ míníráà jù torí kì í bó ọ̀dà ara kẹ̀kẹ́, kì í sì í jẹ èèyàn lọ́wọ́ bíi DOT. DOT tún máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, 5.1 tuntun gbọ́dọ̀ lè fara da 260°C kó tó hó, tó bá ti fa omi, ó lè wálẹ̀ dé 180. Míníráà kì í fa omi ní tiẹ̀, àmọ́ tómi bá ráyè wọlé, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá kálípà níbi tó gbóná jù ló máa lọ jókòó sí, 100°C sì ti tó láti hó o. Nítorí náà èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán.

Páàdì, onírin ni kẹ́ ẹ rà fún òkè gígùn àti ẹrẹ̀, ó máa ń pariwo díẹ̀ ṣùgbọ́n kì í tètè jẹ. Resin, ìyẹn èyí tí kì í ṣe onírin, máa ń dákẹ́, ó ń tètè mú, àmọ́ ẹrẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ tán kíá. Tí wọ́n bá kọ "resin pad only" (páàdì resin nìkan) sára díìsìkì yín, ẹ má fi onírin sí i.

Tí páàdì tàbí díìsìkì bá jẹ́ tuntun, ẹ má gbé e lọ sórí òkè lọ́jọ́ yẹn gan-an láì kọ́kọ́ jẹ́ kí páàdì àti díìsìkì mọ ara wọn. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ sáré dé bíi 20 km/h, ẹ fa búréèkì kan ṣoṣo díẹ̀díẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ẹ má jẹ́ kí táyà há o, ẹ ṣe é bíi ìgbà 20, ẹ fi eré sí i kẹ́ ẹ tún ṣe é bíi ìgbà 10, kẹ́ ẹ wá ṣe ìkejì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé páàdì ń fi ara ẹ̀ kun díìsìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni agbára ti ń wá.

Ọwọ́ búréèkì, ìka kan ló yẹ kó máa fà á, torí náà ẹ tì í sínú lórí háńdù kí ìka ìtọ́ka yín bọ́ sórí etí ẹ̀. Ní UK, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú, ní Faransé ọwọ́ òsì ni, tẹ́ ẹ bá lọ yá kẹ̀kẹ́ ní Morzine ẹ fà á wò kẹ́ ẹ tó gòkè, torí ẹni tó bá fa iwájú tó rò pé ẹ̀yìn lòun fà, á bára ẹ̀ nílẹ̀.

Ó wá ku ìmọ́tótó. Ẹ má fín ohunkóhun sí ṣéènì nígbà tí díìsìkì wà nítòsí, WD-40, ọ́ìlì inú agolo tí wọ́n ń fín yẹn, lọ̀tá ẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má fọwọ́ lásán kan ojú díìsìkì tàbí páàdì, ọ̀rá ọwọ́ yín tó láti bà á jẹ́. Isopropyl alcohol àti aṣọ mímọ́ lẹ máa fi nù ún. Tó bá ń ké tí ò sì mú, páàdì ti mu òróró nìyẹn, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ yan án lórí iná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ju páàdì yẹn nù, ara yín wọ́n ju owó ẹ̀ lọ.

Ẹ máa wọn díìsìkì. Ti Shimano máa ń nípọn tó 1.8 mílímítà ní tuntun, tó bá dé 1.5 ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Díìsìkì HS2 ti SRAM bẹ̀rẹ̀ láti 2.0, 1.7 ló parí sí. Páàdì Shimano, tó bá ku 0.5, ó tán. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá yọ páàdì, ẹ fi ọ́ìlì tó bá búréèkì yẹn mu nu ẹ̀gbẹ́ písítìnì, kẹ́ ẹ sì fi ike tì wọ́n padà jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ má fi sikurudíráfà tì í, ó lè fọ́.

Tí ọwọ́ búréèkì bá ń rọ̀, tẹ́ ẹ bá sì fà á lẹ́ẹ̀mẹta tó wá le, afẹ́fẹ́ ti wọ inú ẹ̀, ẹ ní láti bílíìdì ẹ̀, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde. Ti Shimano, ẹ yọ táyà àti páàdì, ẹ fi ike bílíìdì sáàárín písítìnì, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ búréèkì tẹ́jú bíi ilẹ̀, ẹ ṣí bóòtù kékeré orí ẹ̀ kẹ́ ẹ de fọ́nẹ̀lì mọ́ ọn, ẹ so síríńjì tó kún fún ọ́ìlì mọ́ kálípà, ẹ máa tì í bọ̀ látìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa hó jáde lókè, ẹ máa gbá páìpù jẹ́ẹ́jẹ́ kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lè tú. Tí ò bá sí èyí tó ń jáde mọ́, ẹ dé ti kálípà, ẹ fa ọwọ́ búréèkì ṣáá kí ìyókù jáde, ẹ wá dé òkè. Ẹ nu gbogbo ẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó dá páàdì padà.

Lórí òkè gan-an, ẹ má máa fa búréèkì díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fà á líle kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀ kó lè rí ibi mí. Tó bá kọ̀ láti mú láàárín ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ má da omi sí i, ẹ má fọwọ́ kan díìsìkì, á jó yín. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ búréèkì ló wọlé dé háńdù, ọ́ìlì ló hó, ẹ bílíìdì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún gòkè kódà tó bá le padà lẹ́yìn tó tutù. Tí ọwọ́ bá le ṣùgbọ́n tí kẹ̀kẹ́ ò dúró, páàdì ló ti gbóná jù, ẹ yọ ọ́, tójú ẹ̀ bá ń dán bíi gíláàsì, ẹ fi òmíì sí i.