Wọ́n Ní Kí N Yọ Íápíìsì

Odindi ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi to orin tí n óò fi sá eré kìlómítà 10. Ó ku ìṣẹ́jú 5 ká gbéra, alábòójútó kan nàka sí etí mi: “Ẹ yọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń du ipò ò gbọdọ̀ lò ó.” Inú mi ru bí omi orí iná.

Òfin náà wà lóòótọ́. World Athletics, àjọ tó ń ṣe òfin eré sísá lágbàáyé, ò fẹ́ kí ẹni tó ń díje gbé ohun tó ń kọrin wọ pápá, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n kà á sí. Ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí láìkà. Ṣùgbọ́n ní 1998, ní Birmingham, orin ń dún látinú sípíkà pápá nígbà tí Haile Gebrselassie ará Etiópíà sá 2000 mítà abẹ́ òrùlé yára ju ẹnikẹ́ni lọ láyé. Orin tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu ni. Ìyẹn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, àbí?

Yíyan orin ò le. Mímú kí ìlù bá ẹsẹ̀ mu ni wàhálà. Mo ka ẹsẹ̀ mi: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó balẹ̀ nígbà 41. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4, 164 ni ní ìṣẹ́jú kan. Mo wá gbé áàpù tó ń ka ìlù orin sórí fóònù. Orin tí mo fẹ́ràn jù, ìlù 82 ló ní ní ìṣẹ́jú kan. Mo pa á rẹ́. Òmíràn, 83. Mo pa òun náà rẹ́. Alẹ́ 4 ni mo fi ń da orin gidi nù, tí mo ń fi èyí tó jẹ́ 164 rọ́pò, àwọn orin tó máa ń sú etí kó tó rẹ ẹsẹ̀.

Lálẹ́ karùn-ún, mo jókòó, mo ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí ọ̀kan tí mi ò tíì pa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sórí ìlù, tòsì bọ́ sáàárín. Ọ̀tún, ìlù, òsì, àárín. Mo figbe ta. 82 lọ́nà méjì, ṣe 164 kọ́ ni? Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ohun tí mo ti dà nù. (Ẹ pa ibi tí fóònù ti ń da orin rú o, kó má bàa gbé orin ìparí síwájú.)

Ó ṣiṣẹ́ ṣá. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi kìlómítà àkọ́kọ́ sá bí ewúrẹ́ tó já okùn, màá wá máa mí hẹlẹhẹlẹ ní ìkẹta. Ìlù ló kọ́ mi ní sùúrù.

Lọ́jọ́ ìdíje, orí ni mo fi gbé orin náà. Ó dúró títí dé kìlómítà 7, níbi òkè, ló bá sálọ. Costas Karageorghis, tó fi ọdún púpọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Brunel University, London, ti sọ pé bí eré bá ti le gan-an, orin kì í lè bo ìrora ara mọ́lẹ̀ mọ́. Bóyá íápíìsì ì bá má ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti máa sáré lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láìgbọ́ nǹkan kan.

Ìṣẹ́jú 41 ni mo fi parí, mi ò sì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ nígbà tó ku 200 mítà, ọkùnrin kan tó fa fìlà bo etí kọjá lára mi. Okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lábẹ́ fìlà náà.